Lẹ́tà Ẹ̀sùn sí Ọgbà Ìgbafẹ́: Pátákó Tí Ẹ Fi Ń Wọn Ọmọdé Dà?

Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àbójútó ọgbà.

Oníbàárà yín ni mí. Ní ọjọ́ kejì Kérésì tó kọjá, èmi, ọkọ mi, ìyá ọkọ mi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta àti ọmọ àbúrò mi tó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wá bá wa ní Láderin, gbogbo wa la jọ wá sí ọgbà yín. ₦38,000 la san lẹ́nu géètì: ₦8,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún bandi ọwọ́, ₦2,000 lórí àgbà kọ̀ọ̀kan. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti fi fọ́tò rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí.

Aláàdìrẹ ni mí. Bí aró bá ṣí lára aṣọ tí mo tà, ẹni tó rà á ń gbé e padà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì máa ń fún un ní àga kó jókòó kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín náà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju ti owó lọ.

Ọdún 2018 la kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ yín, ní Mọ́ńdè Àjíǹde. Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méje ni. Wọ́n ti bá ilé ìwé wọn gun Olúmọ, ṣùgbọ́n irú ọgbà tí ẹ ní yìí, wọn ò tíì fojú rí i rí. Ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń fì bíi jangirọ́fà yẹn ló wọ̀ wọ́n lójú jù. Lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, pátákó kan wà nàró tí wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ilà sí níbi tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120, ọkùnrin kan tó wọ kákì sì dúró tì í. Táíwò dúró, orí rẹ̀ kan ilà. Kẹ́hìndé dúró, ó fi nǹkan bí ìka méjì dín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ Yorùbá, Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, ó sì dun ọmọ náà wọra. Ó yọ gìgísẹ̀ sókè, ọkùnrin yẹn rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká wálẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ó ní ṣé nítorí ìka méjì ni wọn ò ṣe ní jẹ́ kí ọmọ òun gun nǹkan tí òun ti sanwó rẹ̀. Ọkùnrin náà ò gbó o lẹ́nu. Ó lóṣòó síwájú Kẹ́hìndé, ó kì í ní èjìrẹ́ ará Ìṣokùn títí ọmọ fi nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ọkọ mi súnmọ́ ibi ìjókòó, ó fi irin tó máa ń wá sílẹ̀ dé èèyàn nítan hàn án. Ó ní ara ẹni tó bá ga tó ilà yẹn ni wọ́n fi ṣe irin náà, pé bí ọmọ bá kéré jù, àlàfo á wà láàárín irin àti itan rẹ̀, bí ọkọ̀ bá sì fì lọ sókè, abẹ́ irin ni ọmọ máa gbà yọ́ jáde. Ọkọ mi dákẹ́. Ọkùnrin náà wá yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi ha ilà kékeré sára pátákó níbi tí orí Kẹ́hìndé dé, ó kọ K sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ọjọ́ tí o bá ti ga kọjá ilà pupa, padà wá bá mi.” Táíwò ní bí ẹ̀gbọ́n òun ò bá gùn ún, òun náà ò gùn ún. Ìdí mọ́tò tí ń forí gbárí la wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀yin ọ̀gá, pátákó yẹn ló mú wa fẹ́ràn yín. Mo ní ibi tí wọ́n ti lè kọ owó nítorí ìka méjì, ibi tí mo lè fọkàn tán ni. Mi ò mọ iye èèyàn tí mo ti júwe ọgbà yín fún ní Ìtòkú. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, gbogbo ọgbà ìgbafẹ́ tì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ò ráyè. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ìbí wọn ni Kẹ́hìndé máa ń fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn yàrá wa kí bàbá rẹ̀ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i. Ó ti ga ju Táíwò lọ báyìí.

Èyí ló gbé wa wá lọ́jọ́ kejì Kérésì.

Lẹ́nu géètì, ohun ìṣeré méje ni orúkọ wọn wà lára pátákó ìpolówó yín. Ọmọbìnrin tó gbowó lọ́wọ́ wa ò sọ pé ọ̀kankan nínú wọn bàjẹ́. Ìgbà tí a wọlé la tó rí i pé mẹ́ta ò ṣiṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn lọ sókè, ewéko ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá orí mi. Ewéko ò lè ga tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, nítorí náà ẹ ò lè sọ fún mi pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló bàjẹ́. Ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbowó wa. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Níbi mọ́tò tí ń forí gbárí, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ₦500 kún un fún dísùlù. Ẹ gbọ́, mi ò ṣàì mọ bí nǹkan ṣe rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí epo tí kò tó ₦200 ní lítà bọ́ sí nǹkan bíi ₦500 lójijì, èmi náà ti fi kún owó aṣọ mi. Ṣùgbọ́n kí n tó gbowó ni mo máa ń sọ iye tó jẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, sọ ọ́ ní abala 115 pé ẹni tó ń tajà tàbí tó ń ṣiṣẹ́ fúnni ò gbọdọ̀ gbà ju iye tó kọ síta lọ. A ò san ₦500 náà, àwọn ọmọ ò sì gun mọ́tò.

Ó wá ku ọkọ̀ tó ń fì. Ó ń ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀. Kẹ́hìndé ti sáré ṣíwájú, ó ń wá pátákó. Kò sí pátákó, kò sí oníkákì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà níbẹ̀ tó ń tẹ fóònù, ó ń ju ọwọ́ sí àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa wọlé. Kí n tó dé ibẹ̀, Ìdòwú mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ti jókòó sínú ọkọ̀ láàárín àwọn ọmọ tó ga jù ú lọ fíìfíì. Mo wo itan rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín itan yẹn àti irin, ìkúùkù mi gba ibẹ̀ kọjá. Mo wá wo ibi tí irin náà ti ń há. Píìnì tó yẹ kó dì í mú ò sí níbẹ̀, okùn ike aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí a fi ń di ẹrù ọjà, ni wọ́n fi so ó. Okùn náà ti ń já ní fọ́nrán-fọ́nrán.

Mo kígbe. Mo fa ọmọ mi jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó já bọ́ rí.” Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn létí mi títí di òní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí mi lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò rí pátákó tí wọ́n fi ń wọn ọmọ, báwo ló ṣe fẹ́ wọn ọmọ?

A béèrè mánéjà, wọ́n ní kò wá. A ní kí wọ́n dá owó wa padà, wọ́n nawọ́ sí ìwé kan lára ògiri pé owó tó bá ti wọlé kì í jáde. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín ò lómi, ìyá ọkọ mi ní láti lọ tọrọ lẹ́yìn géètì. Mo fo ìyẹn dá.

Bí a ṣe ń jáde lọ, Kẹ́hìndé yà sẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì pè mí. Ìyá kan ń ta mínírà níbẹ̀, ó gbé kúlà rẹ̀ lé pákó kan tó wà lórí búlọ́ọ̀kù méjì. Pátákó yẹn ni. Ọ̀dà pupa náà ti ṣí, omi kúlà ti rin ín, ṣùgbọ́n K tí kọ́kọ́rọ́ ha síbẹ̀ ṣì wà. Ọmọ náà fi ìka tọ́ ọ. Ó ní, “Mọ́mì, èmi rèé.” Kò sọ nǹkan mìíràn títí a fi délé ní Aséró.

Ohun tí mo ń béèrè rèé. Ẹ dá ₦24,000 padà fún wa nínú owó bandi, ìyẹn ₦6,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. ₦2,000 tó kù jẹ́ ti jangirọ́fà àti bouncing castle tí wọ́n ṣe, mo sì fi owó àwọn àgbà sílẹ̀ fún yín. Láti àárọ̀ títí alẹ́, ẹ máa kọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́ síta lẹ́nu géètì, kí òbí tó nawọ́ sápò. Èyí tó ká mi lára jù ni ọkọ̀ yẹn: ẹ dá a dúró lónìí, kì í ṣe lọ́la, títí ẹ ó fi fi píìnì tòótọ́ sí gbogbo irin rẹ̀. Kí ẹ sì gbé pátákó yẹn kúrò lábẹ́ kúlà, ẹ kùn ún, ẹ gbé e nàró, ẹ fi ẹni tó mọ ohun tó wà fún tì í. Ẹ ra tábìlì fún ìyá onímínírà náà.

Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti dá mi lóhùn. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, n ó kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, n ó sì fi fọ́tò okùn yẹn mọ́ ọn.

Oníkákì ọjọ́ náà, bí ẹ bá mọ ibi tó wà, ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé Kẹ́hìndé padà wá.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, aláàdìrẹ, Ìtòkú.