Àlàó, gbé fóònù ẹ

Àlàó ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Mo pè ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lálẹ́ àná, mo tún pè láàárọ̀ yìí, ó ń dún, o ò gbé e. Wọ́sáàpù tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo rí i pé o ti kà á. Kì í ṣe torí owó o. Wọ́n ò tíì múná wá láti ọjọ́ mẹ́ta, ajá ti bímọ mẹ́fà sábẹ́ mọ́tò dádì ẹ, a ṣáà wà.

Sátidé yìí ni ìrántí ọdún kan tí dádì ẹ kú, ẹnìkan wá sọ fún mi pé o ní o ò wá, pé káwọn tó ni Prof wá ṣe ìrántí Prof. Ṣé ẹnu ẹ ló ti jáde lóòótọ́? Láti Èkó síbí náà ni? Ṣé o máa wá?

Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ sáré ìje nílé ìwé ní 2012, o gba ife, ojú ẹ ò kúrò lẹ́nu géètì. Inú gọ́tà ni dádì ẹ wà tàwọn ti tépù ìwọnlẹ̀ wọn. Wọ́n ti fẹ̀yìntì nígbà yẹn, ní ọmọ ọdún 65, ọdún 2012 yẹn gan-an nìjọba wá sún tàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sí 70, ó dùn mí, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ jàre, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Omi ti gbé afárá Àpẹ́tẹ̀ lọ n'Ìbàdàn níbí ní August 2011, àwọn tó sì ti fojú ara wọn rí omíyalé odò Ògùnpa lọ́dún 1980, tójò bá ti ṣú báyìí, oorun dà. Dádì ẹ sọ fáwọn láńlọ́ọ̀dù pé rọ́bà roboto tí wọ́n rà kómi máa gbà kọjá ti kéré, pé kì í ṣe omi nìkan ló ń bọ̀, ọ̀rá ń bọ̀, igi ń bọ̀, ẹni tó ju mátírẹ́ẹ̀sì sódò náà ò ní gbé e padà, kí wọ́n ṣe onígun mẹ́rin tó fẹ̀ téèyàn lè wọ̀ lọ kó ìdọ̀tí. Àwọn yẹn ní Prof tún ti ń kọ́ wa níwèé. Ni dádì ẹ bá ká ṣòkòtò, wọ́n wọnú ẹ̀ fúnra wọn. Omi ò wọlé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ mi, Àlàó. Lẹ́tà tílé ìwé ní kó o fún dádì ẹ, èmi lo fún. Mi ò fún wọn. Inú ń bí mi, mo ní kí wọ́n máa bá gọ́tà wọn lọ. Nígbà tó o bi mí lọ́nà ilé pé kí ló dé tí dádì ò wá, èmi ni mo ní ará ìta ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ̀ wá. Ọ̀rọ̀ tó ò ń sọ kiri yẹn, tèmi ni. Lálẹ́ wọ́n rí ife lórí tábìlì, wọ́n gbé e, ẹrẹ̀ ṣì wà léèékánná wọn, wọ́n ní ìgbà wo lọmọ yìí sáré? Wọ́n fẹ́ jí ẹ, mo ní kí wọ́n má jí ẹ. Wọ́n kú, wọn ò mọ̀.

Ìwọ náà lágídí, ọkùnrin tó ti ń lọ sọ́gbọ̀n ọdún á máa bá òkú bínú! Ẹ̀gbọ́n ẹ ò tíì gbọ́ èyí, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Lẹ́tà yẹn wà nínú Bíbélì mi, tépù wọn wà nínú báàgì pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn, mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni nù ún. Tó o bá fẹ́ bínú sí mi, bínú, ṣùgbọ́n wá bínú níbí. Ṣé o máa wá?

Màmá ẹ