Sí Àṣàkẹ́, kí ẹ tó gbé kámpà wọ aṣálẹ̀

Houston, Texas

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo ti ka ètò ìrìn-àjò tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ mú ìyá ọkọ rẹ rìn yíká díẹ̀ kí wọ́n tó padà sí Ìbàdàn, ó sì dùn mọ́ mi pé Ìní yóò rí Grand Canyon, àfonífojì jíjìn ńlá tó wà ní Arizona, pẹ̀lú ìyá-àgbà rẹ̀. Àmọ́ oṣù keje ni ẹ mú, aṣálẹ̀ sì ni ẹ fẹ́ gbé kámpà, ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn sínú rẹ̀, gbà kọjá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti jẹ́ kí n mọ ohun tí ooru ń ṣe fún àgbàlagbà àti ọmọdé. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ ka ìwé yìí, kí o sì kà á sétí Bàbá Ìní.

Ohun tí Bàbá Ìní sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi, pé ilẹ̀ ooru ni wọ́n ti bí wa, ooru kò lè mú wa. Ooru Ìbàdàn a máa jẹ́ kí òógùn ṣàn lára èèyàn, á rí i, á wá omi mu, á wá ibòji jókòó sí. Ní ìwọ̀-oòrùn Texas, New Mexico àti Arizona, afẹ́fẹ́ lè gbẹ débi pé òógùn á ti gbẹ kí o tó mọ̀ pé ò ń làágùn. Aṣọ rẹ kò ní rin, ṣùgbọ́n omi ara rẹ ti ń lọ. Lọ́dún 2023, ọjọ́ 31 léraléra ni Phoenix, ìlú ńlá ní Arizona, fi gbóná tó dígírì Fárẹ́náìtì 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn nǹkan bíi 43 lórí ìwọ̀n Celsius tí a ń lò ní Nàìjíríà. Ní Maricopa County tí Phoenix wà, èèyàn 645 ni ìjọba ìbílẹ̀ náà kà pé ooru lọ́wọ́ sí ikú wọn lọ́dún yẹn. Ooru yẹn kì í bi èèyàn ní ìlú tó ti wá.

Nítorí náà, ẹ má gbèrò bí ẹ ó ṣe fara dà á. Ẹ gbèrò bí ẹ ó ṣe sá fún un. Ilé tó ń rìn ni ẹ gbé dání, ẹ jẹ́ kó rìn lọ síbi tó tutù.

Bí èèyàn bá ṣe ń gun òkè ni ooru ń dínkù, ó tó dígírì Fárẹ́náìtì 3 sí 5 fún ẹsẹ̀ bàtà 1,000. Mo rí i pé Alamogordo ní New Mexico ni ẹ fẹ́ sùn sí kí ẹ lè wà nítòsí White Sands, ọgbà òkìtì iyanrìn funfun. Ẹ yí ìyẹn padà. Cloudcroft kò jìnnà sí Alamogordo ju nǹkan bíi máìlì 20 lọ, ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ bàtà tó lé ní 4,000 ga jù ú lọ. Nígbà tí àwọn ará ìsàlẹ̀ bá ń wá éésì lálẹ́, àwọn tó wà lókè ń wá bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ sùn sókè, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ kùtù wá wo iyanrìn funfun náà, kí ẹ sì ti kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó mú. Bákan náà, ní ìwọ̀-oòrùn Texas, Fort Davis tó ga jù ni kí ẹ sùn sí, kì í ṣe Fort Stockton. Phoenix kò tiẹ̀ pọn dandan fún yín rárá: ẹ gba Albuquerque, kí ẹ bọ́ sórí ọ̀nà márosẹ̀ I-40 lọ sí Flagstaff, tó ga tó nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 7,000. Màmá lè ní ẹ̀fọ́rí díẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́ ní ibi gíga bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí wọ́n má ṣe wàhálà lọ́jọ́ náà.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ibi tí ẹ ó sùn ni pé òru ni ara fi ń bọ́ lọ́wọ́ ooru ọ̀sán. Ẹni tí kò rí ìtura lóru, ooru ọjọ́ kejì á bá a nínú àárẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ni ooru sábà máa ń gbé àgbàlagbà ṣubú, ó lè máa kó jọ sí wọn lára láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Ní Grand Canyon, òdìkejì ọ̀rọ̀ òkè ni ẹ ó bá pàdé. Etí rẹ̀ ló tutù, ìsàlẹ̀ ló gbóná, ìgbà tí èèyàn bá sì ti rẹ̀ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gun òkè padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà máa ń kìlọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pé kí èèyàn má rìn nísàlẹ̀ etí náà láti agogo 10 àárọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Tiyín tilẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má sọ̀kalẹ̀ rárá pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rin àti ìyá àgbà. White Sands náà, ẹ má kúrò nítòsí ọkọ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 2015, tọkọtaya kan láti ilẹ̀ Faransé kú lójú ọ̀nà Alkali Flat níbẹ̀. Omi tí wọ́n gbé dání kò tó. Ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni wọ́n rí lóòyè.

Nípa kámpà fúnra rẹ̀, gíláàsì ni ooru ń gbà wọlé jù. Tó bá ti wọlé tán, kọ́tìnnì inú kò lè lé e jáde, nítorí náà ìta ni kí ẹ ti fi ìbòrí tó ń dán bo gíláàsì. Tí ẹ bá fẹ́ dúró pẹ́ níbì kan, ẹ kọ imú ọkọ̀ sí àríwá. Fáànù òrùlé ni kí ẹ jẹ́ kó máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde, kí ẹ ṣí fèrèsé kan níhà tó ní ibòji. Ẹ má dáná nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án. Gààrí, ẹ̀pà àti èso olómi á tó yín títí di ìrọ̀lẹ́. Tí inú ọkọ̀ bá sì ti kọjá dígírì Fárẹ́náìtì 95, fáànù nìkan kò tó mọ́. Ẹ fi omi pa ara kí fáànù tó fẹ́ ẹ, ìyẹn ṣiṣẹ́ gan-an níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ.

Éésì òrùlé ń jẹ iná púpọ̀. Ibùdó tó ní iná ni kí ẹ gbà fún alẹ́ tí ẹ ò bá lè dé orí òkè. Ẹ má sùn ti jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀ yín. Àwa ọmọ Nàìjíríà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ nípa ìdílé tó sùn tí wọn ò jí mọ́ nítorí èéfín rẹ̀. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó wà nínú èéfín náà, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì aláàmù rẹ̀ wò kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ̀fọ́rí, òòyì àti èébì, ooru ń fà wọ́n, carbon monoxide náà sì ń fà wọ́n. Tó bá mú èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọkọ̀, ẹ má jókòó máa wá ìdí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jáde síta.

Tí ẹ bá ń gun òkè Cloudcroft, kí Bàbá Ìní máa wo ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Tó bá ń gòkè, kí wọ́n pa éésì, kí wọ́n wá ibi tó dára páàkì sí. Kí wọ́n má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná. Kí wọ́n wọn afẹ́fẹ́ táyà láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló jẹ mí lógún jù. Ọ̀kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ń lé omi jáde lára. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ bi dókítà léèrè kí ẹ tó gbéra. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà bí ó ti ń gbẹ ọ̀dọ́, bó bá sì gbẹ wọ́n gan-an, wọn ò ní sọ, torí wọn ò fẹ́ kí ẹ máa dá ọkọ̀ dúró nítorí ìtọ̀. Má bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ omi, wọ́n á ní ó ti tó. Bu omi sí ife, kí Ìní gbé e lọ fún wọn, kó sì dúró títí wọ́n á fi mu ún. Ẹ máa dúró ní wákàtí kan àbọ̀ síra, kí ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ na ẹsẹ̀, kí wọ́n má bàa máa tọrọ. Ẹ gbé omi gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kí àfikún sì wà. Tí ẹnikẹ́ni bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kó po omi líta kan, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ìní ńkọ́? Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Láàárín ìṣẹ́jú 10, inú ọkọ̀ tí a tì lè fi nǹkan bíi dígírì Fárẹ́náìtì 20 gbóná sí i, ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò sì ràn án. Ẹ ti kámpà pa nígbà gbogbo tí ẹ bá wà níta, torí ọmọdé lè padà wọlé lọ ṣeré láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ tí kò já gaara, tó ń tàsé ẹsẹ̀, tàbí tó dákú, ì báà máa làágùn, ooru ti wọ̀ ọ́ lára jù nìyẹn. Ẹ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì. Bí ẹ ṣe ń dúró dè wọ́n, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù lé e lórí àti lára, ẹ kó yìnyín sí abíyá àti ọrùn rẹ̀, ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu tí kò bá lè gbé e mì.

Òjò oṣù keje máa ń ṣàdédé dé ní New Mexico àti Arizona. Ẹ má páàkì sójú ipa odò gbígbẹ, àgbàrá lè ti ibi tó jìnnà wá láìsí òjò lórí yín.

Kọ orúkọ àti nọ́ńbà ibùdó kọ̀ọ̀kan tí ẹ ó sùn sí, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó jáde ní Sátidé. Mo mọ̀ pé fóònù kì í fìgbà gbogbo gbé lọ́nà yẹn, nítorí náà ẹ pè mí látinú ìlú kí ẹ tó wọ igbó. Tó bá di agogo 9 alẹ́ ti Houston tí mi ò gbọ́ yín, ibùdó náà ni n ó pè.

Èmi ni,
Ìyá rẹ