Adájọ́ kì í ṣe ọba tí yóò wà lórí ìtẹ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ní kí Nàìjíríà fi Amẹ́ríkà ṣe àwòkọ́ṣe, kí àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ máa wà lórí àga títí dọjọ́ ikú, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìfẹ̀yìntì halẹ̀ mọ́ wọn. Rẹ́jísírà kóòtù ni mí n'Iléṣà níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti bá adájọ́ tó mọṣẹ́ ṣiṣẹ́, mo sì ti bá èyí tó ń sùn lórí àga ṣiṣẹ́. Mi ò gbà pẹ̀lú òǹkọ̀wé yín.

Ìwé òfin Amẹ́ríkà ní kí adájọ́ máa bá iṣẹ́ lọ níwọ̀n ìgbà tí ìwà rẹ̀ bá dára. Ilé aṣòfin nìkan ló lè yọ ọ́. Nínú gbogbo àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ yẹn, Samuel Chase nìkan ni wọ́n fẹ̀sùn kàn débẹ̀, lọ́dún 1804. Wọ́n sì dá a láre lọ́dún kejì. Ikú ló kù, tàbí ìgbà tó bá wu adájọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ikú ń fà. Antonin Scalia, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, kú ní oṣù kejì ọdún 2016. Ààrẹ Obama fa Merrick Garland kalẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, àmọ́ àwọn sẹ́nétọ̀ Republican ní ọdún ìdìbò ni, wọn ò tiẹ̀ pè é wá sọ̀rọ̀. Àga náà ṣófo ju ọdún kan lọ, títí Trump fi wọlé tó fi Neil Gorsuch síbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2020, adájọ́ mìíràn níbẹ̀, Ruth Bader Ginsburg, kú lẹ́ni ọdún 87. Ìdìbò ti kanlẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ọdún ìdìbò sì ti kúrò lẹ́nu wọn: kí oṣù kẹwàá tó parí, ìbò 52 sí 48 ti gbé Amy Coney Barrett wọlé, ẹni ọdún 48. Gorsuch àti Barrett wà nínú àwọn márùn-ún tó fagi lé ìdájọ́ Roe, èyí tó fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣẹ́yún, lọ́dún 2022. Mi ò sọ pé ìdájọ́ wọn dára tàbí kò dára (èmi àti Ìyá Bọ́lá kì í fẹnu kò lórí ìyẹn). Ikú èèyàn méjì ló yí òfin padà, ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Àwọn tí kò kú ńkọ́? Bí òṣómàáló ìlú wa ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láyé àtijọ́, ó jọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lóṣòó de ààrẹ tí wọ́n fẹ́. Anthony Kennedy tí Reagan yàn fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà Trump. Stephen Breyer tí Clinton yàn lọ nígbà Biden, lẹ́ni ọdún 83.

Ní oṣù keje 2024, Biden dábàá ọdún 18 fún adájọ́ kọ̀ọ̀kan, kí àga kan máa ṣí lọ́dún méjì méjì. Àga mẹ́sàn-án ni wọ́n ní láti 1869, ẹ ṣírò ó wò. Àwọn alátakò ní àfi kí wọ́n tún ìwé òfin ṣe, kí ìpínlẹ̀ 38 sì fọwọ́ sí i. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre, àmọ́ ìyẹn ò sọ pé àbá náà burú.

Tiwa ńkọ́? Abala 291 ìwé òfin wa ní tí adájọ́ bá pé ọdún 70, kó máa lọ. Èyí dáa ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ibi tí a ti ń kùnà ni arọ́pò. Nígbà tí Adájọ́ Musa Dattijo Muhammad fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹwàá 2023, adájọ́ mẹ́wàá péré ló kù nílé ẹjọ́ wa tó ga jù lọ nínú 21 tí òfin fàyè gbà. Oṣù kejì 2024 ni wọ́n tó búra fún mọ́kànlá. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí kì í ṣe àṣírí!

Mo mọ ohun tí irú ìjáfara bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ará ìlú. Ẹjọ́ ilẹ̀ kan ti fẹ́ dórí ìdájọ́ lọ́wọ́ wa nígbà tí adájọ́ rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ó pẹ́ kí òmíràn tó dé. Ìgbà tó sì dé, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti tún un gbọ́. Bàbá tó pẹjọ́ ti kú kí wọ́n tó tún pè é wá jẹ́rìí.

Dípò ká jẹ́ kí adájọ́ jókòó títí ayé, ẹ jẹ́ kí òfin pa á láṣẹ fún NJC, ìgbìmọ̀ tó ń dábàá orúkọ adájọ́ fún ààrẹ, pé kí orúkọ arọ́pò ti dé ọ̀dọ̀ ààrẹ ní oṣù mẹ́fà kí adájọ́ tó pé 70, kí Sẹ́nétì náà sì ní gbèdéke. Ẹ bá mi bi òǹkọ̀wé yín, kí ló rí sí ìyẹn?

Èmi ni tiyín,
Rẹ́jísírà tó ti fẹ̀yìn tì,
Iléṣà.