Àkànbí, nu omi ara ẹran yẹn kó o tó dín in

Àkànbí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Bàbá ẹ ní kí n kí ẹ. Látàná tó o ti pè mí pé o fẹ́ dín apá adìẹ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ ní Sátidé, inú mi ń dùn, àmọ́ mi ò sùn dáadáa. Inú mi dùn torí ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n sè ò ní febi sùn l'Ékòó, mi ò sì sùn torí mo mọ ohun tí òróró gbígbóná lè ṣe féèyàn. Ò ń kánjú lórí fóònù, ìdí tí mo fi jókòó tẹ èyí nìyẹn, jọ̀ọ́ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ṣó o rántí àpá ọwọ́ òsì mi, èyí tó o máa ń fọwọ́ pa nígbà tó o wà ní kékeré? Mi ò sọ bó ṣe jẹ́ fún ẹ rí. Ọdún 2004 ni, a ń se àsè ìsìnkú kan l'Ábẹ̀òkúta níbí, ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ń pariwo pé ẹran ò tíì tó, mo wá kó tọ́kì látinú omi tá a fi bọ̀ ọ́, omi ṣì ń kán tótó lára ẹ̀, mo dúró lókè mo jù ú sínú agbada. Kí n tó ṣẹ́jú, òróró ti ta dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ 3 ni mi ò fi lè gbé àbúrò ẹ pọ̀n.

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, òótọ́ ni, àmọ́ omi àti òróró gbígbóná ò gbọ́dọ̀ pàdé. Tí omi bá ti dé 100°C ó ti ń hó nìyẹn, òróró tá a fi ń dín ẹran sì máa ń gbóná tó 175 sí 180. Bí omi bá ṣe kàn án báyìí ló ń di ooru lójú ẹsẹ̀, ooru yẹn á wá máa wá ibi tó máa gbà jáde, òróró ló sì máa ń gbé dání.

Tó o bá ra ti inú fìrísà, jẹ́ kó yọ́ nínú fìríìjì láti Ọjọ́bọ̀, torí yìnyín máa ń sá pamọ́ sábẹ́ awọ, omi náà sì ni yìnyín. Fi àtàǹpàkò tẹ oríkèé ẹ̀, ibi tó bá rọ̀ ni kó o gé, ọ̀bẹ ò ní bá egungun jà. Ṣóńṣó orí ẹ̀ yẹn má jù ú nù o, fi se omi ọbẹ̀. Ní ti fífọ̀, àwọn onímọ̀ ìlera ní ká má fọ adìẹ tútù mọ́, torí omi tó ń ta kiri máa ń gbé kòkòrò àìsàn sára abọ́ àti síǹkì, iná ló ń pa á kì í ṣe omi. Èmi ti ń fọ adìẹ láti ìgbà tí mo gbọ́njú, mi ò lè ní kó o má fọ̀ ọ́, àmọ́ inú abọ́ ni kó o ti rọra fọ̀ ọ́, má tan ẹ̀rọ omi lé e lórí, kó o sì fi ọṣẹ fọ síǹkì lẹ́yìn ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àlùbọ́sà, atalẹ̀, aáyù, táímù, kọ́rì, mágí, iyọ̀ díẹ̀. Má bu omi púpọ̀ sí i, omi ara ẹ̀ á sun jáde. Bọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 15, kó o da omi ẹ̀ sọ́tọ̀ fún jọ̀lọ́ọ̀fù. Ibi tó o ti máa ń kánjú ló kàn yìí: tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí tíréè, fi tíṣù nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan, abẹ́ awọ, ibi tí oríkèé ti pín, kó o jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí i. Tó o bá fọwọ́ kàn án tí ọwọ́ ẹ ò rin, ó ti tó. Òun náà ló ń jẹ́ kí awọ ẹ̀ dún kàrá lẹ́nu.

Ìkòkò tó jìn ni kó o lò, kí òróró má kọjá ìdajì ẹ̀. Ju ègé àlùbọ́sà kan sí i, tó bá léfòó tó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ti ṣe tán, tó bá ti ń rú èéfín, ó ti gbóná jù, pa iná. Rọra ti ẹran wọlé látẹ̀gbẹ́, kí ẹ̀gbẹ́ tó gbẹ̀yìn já sílẹ̀ kọjú sí ògiri kì í ṣe sí ẹ, 5 tàbí 6 lẹ́ẹ̀kan, torí tó bá pọ̀ jù òróró á tutù, ẹran á máa mu ún. Wá fetí sí i. Á kọ́kọ́ máa pariwo ṣààà, ìhó kéékèèké á bò ó mọ́lẹ̀, omi inú ẹ̀ ló ń jáde yẹn. Bó bá yá ariwo á lọ sílẹ̀, ìhó á tò jìnnà síra, ohùn ẹ̀ á wá fúyẹ́. Etí ni mo fi ń dín ẹran, kì í ṣe aago.

Má kúrò níwájú iná o! Tí NEPA bá mú iná lọ, má sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, kọ́kọ́ pa gáàsì. Tí iná bá ṣèèṣì ràn mọ́ òróró, ọmọ mi, má da omi sí i láéláé, má sì gbé ìkòkò náà rìn. Pa gáàsì tí ọwọ́ ẹ bá lè dé e, fi ìdérí bò ó, kó o fi sílẹ̀ títí á fi tutù. Tí apá ẹ ò bá ká a, jáde, kó o pe 767 tàbí 112.

Ibi tí omi ti wúlò ni tí òróró bá ta sí ẹ lára. Omi ẹ̀rọ tó tutù, kó máa ṣàn lé e lórí fún ìṣẹ́jú 20 gbáko, bó ti wù kó pẹ́ lójú ẹ tó. Ẹyin tútù ni wọ́n da sí tèmi lọ́jọ́ yẹn, ẹlòmíì mú epo pupa wá, ẹlòmíì mú ọṣẹ ìfọyín, ibi tí wọ́n fi sí ló wá di egbò. Tó bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ẹ lọ, ọsibítù ni kó o gbà lọ.

Mo ti di kọ́rì, táímù àti ata gígún tí mo lọ̀ fúnra mi sínú ike, dẹ́rẹ́bà tó máa ń gbé ẹrù fún wa á gbé e dé Òṣòdì ní Ọjọ́rú, á pè ẹ́. Aṣọ ìnura tó nípọn wà nísàlẹ̀ ike náà, ìdérí ìkòkò ni kó o máa fi dì mú.

Mọ́mì ẹ