Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Lórí Bí Wọ́n Ṣe Ń Dájọ́ Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọnà

Ẹ̀yin alága wa àti gbogbo káńsẹ́lọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ kú ìnáwó ìpàtẹ. Àwa ayàwòrán, agbẹ́gilére, amọ̀kòkò àtàwọn onífọ́tò tá a wà nínú ẹgbẹ́ la kọ lẹ́tà yìí, a ò wá jà, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀. Olórí ẹ̀bẹ̀ ọ̀hún nìyí: kí ẹni tó gba ẹ̀bùn àtẹni tí ò gbà á mọ ohun táwọn adájọ́ wò kí wọ́n tó dá a bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń lọ báyìí, a máa gbé iṣẹ́ wá, wọ́n á gbé e kọ́, àwọn adájọ́ á yí gbọ̀ngàn po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á pe orúkọ, ó parí. Nígbà tó kọjá, àwòrán tí ọ̀kan nínú wa fi èédú yà wà lábẹ́ gíláàsì, wọ́n wá gbé e kọ́ síbi tó dojú kọ fèrèsé, ojú ara ẹ̀ ni adájọ́ ń rí nínú gíláàsì yẹn, ó wò ó fìrí, ó kọjá. Ère kékeré kan náà wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a ò rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wò ó, bẹ́ẹ̀ ère, ṣe lèèyàn ń yí i po. Orúkọ wa wá fẹ̀ gàdàgbà lára iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ adájọ́ kan sì wà lára àwọn tó ń díje. A ò ní ó ṣègbè o, àmọ́ ta ló máa gbà pé kò ṣègbè?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lo nọ́ńbà dípò orúkọ títí wọ́n á fi dájọ́ tán. Òótọ́ ni pé ọwọ́ ẹlòmíì ò ṣeé fi pa mọ́, téèyàn bá ti rí bó ṣe to àwọ̀ á ti mọ̀ pé òun ni, ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ kí adájọ́ tó bá ní ẹbí tàbí ọmọ iṣẹ́ nínú ìdíje yọwọ́ tó bá ti kan iṣẹ́ onítọ̀hún. Kí àwọn adájọ́ jẹ́ mẹ́ta, kí kálukú kọ máàkì tiẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀, torí tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tóhùn ẹ̀ le jù ló máa dájọ́ fún gbogbo wọn. Kí wọ́n wá kọ ìlà méjì péré fún oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tí ò gba nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ AI náà wà ńlẹ̀, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó máa ń ya àwòrán fúnra ẹ̀ téèyàn bá ti sọ ohun tó fẹ́ fún un. Lọ́dún 2022, níbi ìdíje Colorado State Fair ní Amẹ́ríkà, àwòrán tí ọkùnrin kan fi Midjourney, ọ̀kan lára irú ètò AI bẹ́ẹ̀, ṣe ló gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí iṣẹ́ ọnà kọ̀ǹpútà, ariwo ta gan-an, àmọ́ òfin wọn ò kà á léèwọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ òfin tiwa sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí fọ́ọ̀mù, kí kálukú sọ ohun tó fi ṣiṣẹ́.

Èyí tí wọ́n bá sì dá padà, ẹ fún wa ní yàrá kan ká pàtẹ ẹ̀ síbẹ̀. Ní Paris lọ́dún 1863, ẹjọ́ àwọn tí wọ́n kọ iṣẹ́ wọn níbi ìpàtẹ ìjọba pọ̀ débi pé Napoleon III, olú ọba ilẹ̀ Faransé, fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n lọ pàtẹ ẹ̀ sọ́tọ̀ káráyé fojú ara wọn rí i. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, àmọ́ Manet, ayàwòrán tó wá di ìlú-mọ̀ọ́ká, wà lára àwọn tí wọ́n kọ̀ yẹn.

A ti so fọ́ọ̀mù máàkì tá a dábàá mọ́ lẹ́tà yìí. Tẹ́ ẹ bá ní ká wá ṣàlàyé a máa wá, ẹ ṣáà jẹ́ kó jẹ́ kẹ́ ẹ tó pe àwọn adájọ́ ìpàtẹ tó ń bọ̀.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́