Ẹ̀yin Ọmọ Wa, Ẹ Má Dáná Sun Ún

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Fóònù ọmọọmọ mi ni mo fi ń tẹ èyí, tí ọ̀rọ̀ bá wọ́ níbì kan ẹ má bínú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ kí àbúrò mi l'Ásérò ní Abẹ́òkúta, mo rí èéfín lẹ́yìnkùlé, mo ní ta ló ń sun rọ́bà, torí òórùn yẹn ń ta ni nímú. Mo yọjú. Ọmọ àbúrò mi ló dúró ti iná, igi lọ́wọ́, tó ń ti nǹkan sínú ẹ̀. Àwòrán tó ti ń yà láti oṣù kìíní ọdún ni o! Ó ní 23 ni gbogbo ẹ̀. Mo ní kí ló ṣe ẹ́, ó ní "Bàbá, wọn ò dáa, ojú wọn ń tì mí."

Ojú ń tì ẹ́? Ta ló bá ẹ wí?

N ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe torí ọmọ yìí nìkan, mo ń rí i lára yín, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ nǹkan, ẹ ó wò ó pé kò tíì dáa, ẹ ó pa á rẹ́ kẹ́nikẹ́ni má baà rí i. Lórí fóònù ẹ̀ ń dílíìtì, lẹ́yìnkùlé ẹ̀ ń dáná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ yẹn ṣe lọ́dún kan. POS ló ń ṣe ní Pànṣẹ́kẹ́, alẹ́ ló máa ń yàwòrán. Bàtà ló fi bẹ̀rẹ̀, pẹ́ńsù lásán, ó ya bàtà mi ó dàbí ọkọ̀ ojú omi. Oṣù kẹta ó ra ọ̀dà olóròóró àti kánfáàsì kékeré mẹ́ta, ìgbà tí ìyẹn tán ó na aṣọ tẹ́rù mọ́ igi, ó fi ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń kun ògiri ilé bò ó kó tó ya nǹkan sí i. Tó bá di oṣù karùn-ún, imú ti ń dàbí imú (ṣé ẹ mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, tèèyàn gan-an ò yá jù bẹ́ẹ̀ lọ). Òjò wá dé, ọ̀dà kọ̀ kò gbẹ, wàdùwàdù ò jẹ́ kó ní sùúrù, ó kun òmíràn lé e nígbà tí tìsàlẹ̀ ṣì tutù, kí oṣù kẹjọ tó parí gbogbo ojú ọkùnrin inú àwòrán yẹn ti sán bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnì kan tún ní kó ya ìyàwó òun, owó díẹ̀ ló san sílẹ̀, ìgbà tó parí ó ní èyí ò jọ ìyàwó òun, ìyá ìyàwó òun ló jọ. Mo rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run foríjì mí. Kò san ìyókù.

Ìgbà ọ̀yẹ́ ló gbé ara ẹ̀ lọ sí Olúmọ. Èyí tó kọ́kọ́ yà, òkúta dúdú bíi táyà. Mo ní padà lọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kó wò ó dáadáa. Ó lọ, ó rí i pé òkúta ò dúdú, àwọ̀ pípọ́n wà níbẹ̀, ewé tútù wà níbẹ̀, àwọ̀ ẹlú tó ti ṣá wà níbẹ̀. Àti páànù ìsàlẹ̀ yẹn, gbogbo páànù àtijọ́ tó ti dípẹtà tẹ́ ẹ máa ń rí láti òkè, ó po àwọ̀ yẹn, èmi tí mo fi nǹkan bí 40 ọdún kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù, n ò lè pò ó bẹ́ẹ̀. Ó gbé e síta kó gbẹ, eruku ọ̀yẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára pátápátá.

Èyí náà wà nínú iná.

Ohun tó fa gbogbo ẹ̀ ni pé ó rí ọmọ kan lórí Instagram tó ní oṣù mẹ́ta péré lòun fi kọ́ àwòrán. Oṣù mẹ́ta kẹ̀! Ta ló wà níbẹ̀? Ẹni yẹn mú èyí tó dáa jù jáde, ẹ̀yin wá lọ ń gbé e ti gbogbo tiyín. Kí ló dé tẹ́ ẹ ya òpònú tó báyìí? Ẹ má bínú, inú ló ń bí mi.

Ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Aṣọ ẹlẹ́kọ (èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ kọ kí aró má baà wọ ibẹ̀) àkọ́kọ́ tó fi ìyẹ́ adìyẹ kọ fúnra ẹ̀, ẹ̀kọ yẹn ṣàn jù, aró kọjá lábẹ́ ẹ̀, ẹyẹ tó kọ síbẹ̀ di ìkùukùu. Ó rán an létí, ó ń ró o sùn, títí tó fi gbó mọ́ ọn lára. Ìgbà tí mo kọ́ṣẹ́ átíìsì ní Láfẹ́nwá lọ́dún 1974, mo kọ pátákó onígẹ̀rígẹ̀rí kan, mo kọ N sódì. Ojú tì mí, mo fọ́ pátákó lóru, mo sọ ọ́ sódò Ògùn. Ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá mi ní pátákó dà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò lù mí. Ó na ọwọ́ sí pátákó kan lókè ilẹ̀kùn tí mo ti ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, S ibẹ̀ dàbí ejò tí mọ́tò tẹ̀. Ó ní tòun nìyẹn, òun fẹ́ gbé tèmi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Títí dòní, N yẹn ń dùn mí, mi ò ní nǹkan tí mo lè fi hàn yín pé ibi báyìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Aina Onabolu, ayàwòrán, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ṣé ẹ gbọ́ nípa ẹ̀? Inú ìwé àwọn òyìnbó ló ti ń wo àwòrán yà, kò sí tíṣà. 1906 ló ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, 1920 ló tó lọ kàwé ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ṣírò ẹ̀.

Ẹ kọ déètì sẹ́yìn àwòrán. Ẹ fọ bùrọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ tó sùn, jàre. Nígbà òjò, pẹ́ńsù ò ní kí ẹ má yà. Tẹ́ ò bá fẹ́ rí i mọ́, ẹ gbé e fún ìyá yín kó tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn ìyá kì í ju irú ẹ̀ nù.

Ẹyọ kan ni mo yọ nínú iná yẹn. Ọwọ́ ìyá ẹ̀ ni, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, igun kan ti jó, àtàǹpàkò gùn jù. Ó wà ní pálọ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Ọmọ, tó o bá ń ka èyí, mi ò ní dá a padà fún ẹ o. Tún ọwọ́ kan náà yà, gbé e wá, ká gbé méjèèjì síra. Ìyá ẹ ní ẹ̀gúsí ṣì kù nínú àpò.