Omi Ọ̀ṣun Lè Tòrò Kó Má Mọ́

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ omi Ọ̀ṣun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́.

Ọdún Ọ̀ṣun tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi bu omi odò wálé nínú kẹ́ẹ̀gì, omi yẹn pupa bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́ ẹrẹ̀ ti sìlẹ̀, ó nípọn tó ìka kan, òkè wá tòrò. Wọ́n rọra da tòkè sínú ife, wọ́n ní "ṣó o rí i, ó ti mọ́", wọ́n fẹ́ fún ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́ta mu. Mo ní Ìyá ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un. Inú bí wọn gan-an, wọ́n rò pé mo ti kọ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Mi ò kọ Ọ̀ṣun o, omi yẹn ni wọ́n fi wẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi!

Ẹrẹ̀ nìkan kọ́ ni ìṣòro. Àwọn kan nínú àwọn tó ń wa góòlù nítòsí odò máa ń po mákúrì, irin olóró kan tó máa ń ṣàn bí omi, mọ́ yẹ̀ẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti lọ̀, mákúrì á gbá góòlù mú, wọ́n á wá fi iná sun ún kó lè kúrò lára ẹ̀, apá kan á bá èéfín lọ, apá kan á ṣàn wọdò. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ti mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn: kòkòrò tíntìntín inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò á sọ ọ́ di oríṣi tó tún burú jù, ẹja wẹ́wẹ́ á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja wẹ́wẹ́, bó ṣe ń lọ ló ń pọ̀ sí i, àwa tá a ra ẹja àrọ̀ lọ́jà la máa wá gbé gbogbo ẹ̀ mì. Ọpọlọ ló máa ń bá jà, ti ọmọ inú oyún ló sì burú jù. Ní Minamata, ní Japan, 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde irú àìsàn yìí, àmọ́ 1968 ni wọ́n tó ṣíwọ́ dída mákúrì sómi níbẹ̀. Ọdún méjìlá!

Ẹ bá mi sọ fáwọn ìyá wa pé kéèyàn se omi, kòkòrò nìkan nìyẹn ń pa, kì í yọ mákúrì, kì í yọ òjé, irin olóró mìíràn tó lè wà nínú omi. Àjọ ìlera àgbáyé ní òjé inú lítà omi kan ò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 10 lọ, ìyẹn kéré débi pé ojú ò lè rí i, ahọ́n ò lè tọ́ ọ wò, àfi láàbù.

Lọ́dún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé ká má mu omi Ọ̀ṣun. Ó dáa, àmọ́ ìkìlọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Kí wọ́n máa yẹ omi wò lóṣooṣù, látibi tí wọ́n ti ń wa góòlù dé ojúbọ, títí dé ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́ níbi tódò ń já sí, kí wọ́n yẹ ẹja náà wò, kí wọ́n sì ka èsì ẹ̀ lédè Yorùbá lórí rédíò. Tẹ́ ẹ bá lè bá wa tẹ iye tí wọ́n bá rí síwájú ìwé yín, èmi fúnra mi ni mo máa gé e, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ kẹ́ẹ̀gì Ìyá.

Òǹkàwé yín,
Òṣogbo